Aṣọ Ọkọ̀ Ogun Tí Iná Ò Jó

Ẹ̀rù máa ń tètè bà mí. Kò sí ẹni tó mọ̀ mí ní Ìkẹ́nnẹ́ tí kò mọ èyí. Bí obì tí mò ń retí láti oko bá pẹ́ díẹ̀ kó tó dé, mo ti máa ń rò pé mọ́tò ti takìtì. Àbúrò mi obìnrin, ẹnì kan ṣoṣo tó kù fún mi nínú ọmọ ìyá mi, tó ń yan gàrí ní Akaka, a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí ewé bá já lórí igi, èmi á ní òkò ni. Nítorí náà, nígbà tí mo ní kó jẹ́ ká lọ fi ikọ́ rẹ̀ han dókítà, ẹ̀rín ló fi mí rín. Ó ní èéfín ni. Ó ní ta ló máa yan gàrí láti kékeré tí kò ní wúkọ́? Ìyá wa wúkọ́, bàbá wa náà wúkọ́, ṣé wọn ò dàgbà ni?

Mo ní wọ́n dàgbà o, ṣùgbọ́n mo rántí bí wọ́n ṣe lọ. Nígbà tó kù díẹ̀ fún bàbá wa, kò lè dùbúlẹ̀ sùn mọ́, orí àga ló ń sùn, èémí rẹ̀ ń dún jákèjádò ilé. Ìyá wa náà, bó bá ti ẹ̀yìnkùlé dé iwájú ilé, á di ògiri mú. Ohun kan náà ni mo rí lára àbúrò mi nígbà tó wá kí mi lẹ́yìn ọdún Àjíǹde. Ó ń gun àtẹ̀gùn ilé mi, ó dúró ní àárín, ó wá ń ṣe bí ẹni ń wo ewúrẹ́ aládùúgbò mi. Kí ló fẹ́ wò lára ewúrẹ́? Èémí ló ń wá. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti fún un nísinmi mọ́, títí ó fi gbà pé ká lọ.

Dókítà tó rí wa nílé ìwòsàn Ìkẹ́nnẹ́ kò dàgbà ju ọmọ mi tó kéré jù lọ. Ó gbé fọ́tò àyà àbúrò mi sókè sí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé, ó sì dákẹ́. Èmi ò fẹ́ràn dókítà tó bá ń dákẹ́. Ó wá fi bíírò tọ́ka sí àwọn ibi kan tó funfun létí ẹ̀dọ̀fóró, ó bi í bóyá ó ti ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe síìlìnì rí. Ó ní rárá. Ó bi í bóyá ó ti ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi rí. Ẹ̀rín pa àbúrò mi, ikọ́ sì gba ẹ̀rín náà lẹ́nu rẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ní Akaka, níbi tó jẹ́ pé odò tí wọ́n ń rẹ ẹ̀gẹ́ sí kò lè bo orúnkún ọmọdé! Ni dókítà bá yí fóònù rẹ̀ sí wa. Àwòrán aṣọ kan ló wà níbẹ̀, aṣọ tó nípọn, tó funfun bí eérú, tí wọ́n fi wé páìpù nísàlẹ̀ ọkọ̀.

Mo ti mọ̀ ọ́n kí n tó wá awò ojú mi kàn. Àbúrò mi náà mọ̀ ọ́n, ojú rẹ̀ sì tàn.

“A ní i nílé, dókítà,” ó wí. “Bàbá wa ló mú un bọ̀ látinú ọkọ̀ ogun.”

Bí ẹni ń sọ pé ìdílé àwọn ń joyè ló ṣe sọ ọ́. Dókítà gbé bíírò rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọkọ̀ náà, torí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kò ní mọ ohun tó já mi láyà lọ́jọ́ yẹn. Bàbá wa ò tíì gbéyàwó nígbà tí ogun ńlá kejì ti àwọn òyìnbó bẹ́ sílẹ̀. Ó kúrò ní Akaka, ó gba Èkó lọ, wọ́n sì gbà á síṣẹ́ fáyámàn, ìyẹn àwọn tó ń wà nísàlẹ̀ ọkọ̀ ojú omi, tí wọ́n ń kó èédú sí iná kí ọkọ̀ lè máa rìn. Ọkọ̀ náà kì í ṣe ti oníṣòwò. Ìjọba ìlú òyìnbó fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n kàn án. Àwọn ọ̀tá ń gba abẹ́ omi wá, wọ́n ń ri ọkọ̀ wọn, ni ìjọba bá ní kí wọ́n máa ṣe òmíràn bí ẹni ń dín àkàrà, kí ọ̀kan má tíì tutù tán kí èkejì ti jáde. Bàbá wa á ní wọn ò kàn án kó lè pẹ́. Bó bá lè kó ẹrù lọ lẹ́ẹ̀kan, kó sì kó ẹrù bọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ti jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Àmọ́ ọkọ̀ yẹn lọ, ó bọ̀, ó tún lọ, ó tún bọ̀, títí ogun fi parí.

Ẹkùrọ́ ilẹ̀ wa ló ń kó lọ, ẹkùrọ́ tí àwọn ìyá Rẹ́mọ fi òkúta pa lẹ́yìnkùlé wọn. Ọmọ ogun àti ohun ìjà ló ń kó bọ̀. Wọn kì í tan iná lóru lórí òkun kí ọ̀tá má baà rí wọn. Bàbá wa á wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú iná, omi á máa lu irin lẹ́bàá etí rẹ̀. Ó ní bí àwọn bá gbọ́ ohun tó dún gbòà lókèèrè, gbogbo àwọn tó wà nísàlẹ̀ á gbójú sókè wo àkàbà, kò sì sẹ́ni tó máa sọ̀rọ̀. Bó bá ti ń sọ èyí, á fi òkèlè sílẹ̀ lọ́wọ́. Mo rò pé ibẹ̀ ni mo ti jogún ojo tèmi.

Nígbà tí ogun tán, ìjọba ta ọkọ̀ náà fún oníṣòwò, bàbá wa sì bá a lọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ló tún fi wà níbẹ̀. Ìgbà tó bá wálé ìsinmi ni wọ́n ń bí wa. Ọjọ́ kan, ní èbúté kan lókè òkun, àwọn òṣìṣẹ́ já gbogbo aṣọ ara páìpù kí wọ́n lè fi tuntun wé e, wọ́n da ti àtijọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bàbá wa béèrè pé kí ni. Wọ́n ní aṣọ tí iná kì í jó ni. Wọn ò sọ èyí tó kù fún un. Ó ṣa àwọn ibi tó ṣì dára, ó ká a, ó gbé e wálé. Kò pẹ́ sígbà náà ni wọ́n ta ọkọ̀ fún àwọn tó ń tú irin, bàbá wa sì padà sí Akaka pátápátá. Àyàfi aṣọ yẹn, kò sí ohun tó fi hàn pé ó dé òkun rí.

Ẹ ò lè mọ bí a ṣe fẹ́ràn rẹ̀ tó. Ìyá wa fi ìdì kan tẹ́ ẹnu ààrò tó ti ń yan gàrí, kí ooru má baà máa jó o lórúnkún. Ó fi ọ̀kan gbé agbada gbígbóná. Bó bá dọ̀tí, kì í fọ̀ ọ́. Á jù ú sínú iná, á pọ́n yòò nínú ẹyín iná, gbogbo ẹ̀gbin á jó dànù. Á fi igi fà á jáde, bó bá tutù á gbọ̀n ọ́n pàpàpà lójú oòrùn, eruku funfun á gba ẹ̀yìnkùlé bí ẹni ń jọ èlùbọ́. Àwa ọmọ á máa pàtẹ́wọ́, à ń sá wọ inú eruku náà, à ń sá jáde. Àwọn aládùúgbò á wá wòran. Bàbá wa á fẹ̀yìn ti ògiri, á ní ẹ wò ó, ọkọ̀ ìjọba nìyẹn, ogun ò rí i gbé ṣe, iná ò rí i gbé ṣe.

Díẹ̀díẹ̀ ló di àṣà ilé wa. Láàárọ̀ ọjọ́ tí ọmọbìnrin ilé wa bá ń lọ sílé ọkọ, ìyá rẹ̀ á gé ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ méjì nínú aṣọ náà lé e lọ́wọ́, á ní: “Iná ilé ọkọ ò ní jó ọ.” Gbogbo ilé á ṣe àmín. Wọ́n fún èmi náà. Tèmi ò pẹ́; ọkọ mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere, fi wé sàlẹ́ńsà, páìpù èéfín mọ́tò rẹ̀, nígbà tó ta mọ́tò, aṣọ bá mọ́tò lọ. Ìyá wa bá mi jà, àbúrò mi sì fi ń bú mi títí di àná. Òun ní tirẹ̀ tọ́jú tirẹ̀. Nígbà tí ìyá wa kú, òun ló jogún ààrò, òun náà ló sì jogún gbígbọ̀n.

Dókítà gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó wá fi sùúrù sọ fún wa pé òkúta kan ni wọ́n máa ń wú bí òwú láti fi hun aṣọ bẹ́ẹ̀, òun náà ni wọ́n ń pè ní asibẹ́sítọ́ọ̀sì. Ó ní bí ènìyàn bá fa eruku rẹ̀ símú, kì í jáde mọ́, á máa ha ẹ̀dọ̀fóró lábẹ́lẹ̀, ọdún gbọọrọ á sì kọjá kó tó fara hàn. Ó ní àpá ni èyí tí òun rí, kò tíì jọ èyí tó burú jù, ṣùgbọ́n a ó ya fọ́tò mìíràn tó ríran jìnnà ju èyí lọ, a ó sì máa padà wá. Kò sí oògùn tó lè fọ̀ ọ́ dànù. Ó ní ká má jù ú síná mọ́, ká má gbọ̀n ọ́n mọ́, ká wọ́n omi sí i, ká fi náílọ́ọ̀nù dì í títí àwọn elétò ìlera á fi wá gbé e. Lẹ́yìn náà ló béèrè pé ta ló tún ń lò ó.

Mo rí i tí ọwọ́ àbúrò mi di etí ìró rẹ̀ mú, mo sì mọ ẹni tó ń rò. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí. Ẹ̀pẹ́ ní Ṣàgámù ló wà nílé ọkọ, ẹ̀pà ló ń yan tà, ọmọ ọwọ́ rẹ̀ ò tíì rìn. Òun ló gba aṣọ náà gbẹ̀yìn. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sì jọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ìyá á bi í ṣé ó ń lo aṣọ bàbá òun, ọmọ á ní òun ń lò ó, ojoojúmọ́ ni, ooru ò jó òun mọ́ rárá. Àbúrò mi á wá pè mí láti fi ṣe fọ́ńté. Á ní tòun gbọ́ràn ní tiẹ̀, kò ṣe bí àwọn kan tó fi tiwọn wọṣọ fún mọ́tò.

A jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta. Inú ń bí i. Ó ní dókítà yẹn kéré, kí ló mọ̀, pé owó fọ́tò ni wọ́n kàn fẹ́ gbà lọ́wọ́ òun. Ó ní, “Bàbá wa ò lè fún wa ní májèlé.”

Mo ní, “Kò mọ̀ ni.”

“Àwọn tó kan ọkọ̀ ńkọ́? Ṣé àwọn náà ò mọ̀?”

Mi ò mọ ohun tí wọ́n mọ̀ nígbà náà, ohun tó sì ń bí mi nínú nìyẹn. Ogun yẹn tán kí wọ́n tó bí mi. Ọkọ̀ náà ti di irin àlòkù. Bóyá ó ti di ṣíbí, bóyá ó ti di ìṣó. Wọ́n ṣe é fún ogun kan, ogun sì parí, gbogbo ayé jó, wọ́n yọ̀. Àyà àbúrò mi ni ogun ọ̀hún ṣì wà.

Mo ní ká má tẹ ọmọ náà láago. Bí a bá sọ ọ́ lórí fóònù, á fà á jáde láti wò ó, á gbọ̀n ọ́n wò. Ṣùgbọ́n àbúrò mi ò lè mú un mọ́ra, ó pè é. Fóònù rẹ̀ ti kú. Iná ìjọba ò sí ládùúgbò wọn. Ni a bá dìde.

Ní gáréèjì, dẹ́rẹ́bà fẹ́ dúró de èrò kan sí i. Mo ní kó máa lọ, èmi á san ti àyè tó ṣófo. Mo kàn ń rí ọmọ yẹn lójú inú mi, níbi tó bẹ̀rẹ̀ sídìí ààrò, ọmọ lẹ́yìn rẹ̀, tó ń gbọ̀n aṣọ. Lọ́tẹ̀ yìí, àbúrò mi ò fi ẹ̀rù mi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kọjú sí fèrèsé, ikọ́ ń yọ ọ́ lẹ́nu. A ti fi Ìkẹ́nnẹ́ sílẹ̀ dáadáa kó tó sọ̀rọ̀.

Ó ní, “Mo gbọ̀n ọ́n kí n tó gé tirẹ̀ fún un. Mo fẹ́ kó funfun.”

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó tutù nini, nínú oòrùn yẹn.

Kẹ̀kẹ́ ló gbé wa wọ Ẹ̀pẹ́. A ti ń gbóòórùn ẹ̀pà kí a tó dé ilé. A gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ sẹ́yìnkùlé, ibẹ̀ la ti bá a, ó ń ro ẹ̀pà nínú iyanrìn gbígbóná, agbada rẹ̀ lórí ààrò, ọmọ lẹ́yìn rẹ̀. Ní ẹnu ààrò, níbi tí ìyá wa máa ń tẹ́ tirẹ̀ sí gẹ́lẹ́, nǹkan funfun kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ṣẹ́ po.

Àbúrò mi, ẹni tí kò lè gun àtẹ̀gùn mi láìwo ewúrẹ́, sáré. Ó sáré kọjá lára mi, ó na ọwọ́ sí ẹnu iná, ó fa nǹkan náà yọ. Àpò ìyẹ̀fun ni. Wọ́n ti rẹ ẹ́ sínú omi, omi ń ro tótó lára rẹ̀.

Ọmọ àbúrò mi kúnlẹ̀ kí wa, ó ní Mọ́mì, ẹ káàsán, Màmá Ìkẹ́nnẹ́, ẹ káàsán mà, ṣé kò sí nǹkan o? Ìyá rẹ̀ ò lè sọ̀rọ̀, èémí ò jẹ́. Èmi ni mo bi í pé aṣọ bàbá wa dà. Ó wo àpò ìyẹ̀fun, ó wo ìyá rẹ̀. Ó ní ó wà, òun ń lò ó, òun ṣẹ̀ṣẹ̀ sá a ni. Obì ni mò ń tà láti ìgbà ọmọge mi. Mo mọ ojú ẹni tó ń purọ́ iye tó rà á. Ọmọ yìí ń purọ́. Ṣùgbọ́n mi ò mọ ìhà tí irọ́ náà wà.

Ìyá rẹ̀ di èjìká rẹ̀ mú. Ó ní, “Má purọ́ fún mi lónìí, ọmọ mi. Sọ èyí tó máa dùn mí.”

Ọmọ náà tẹrí ba.

“Ẹ má bínú, Mọ́mì. Mi ò lò ó rí.”

Gbogbo rẹ̀ wá jáde. Ó ní ó yún òun lọ́wọ́ láàárọ̀ ìgbéyàwó tí ìyá òun gbé e lé òun lọ́wọ́ kó tó gbà á padà dì í sí náílọ́ọ̀nù. Ó ní nígbà tí òun dé ilé ọkọ, ìyá ọkọ òun bi òun pé kí ló wà nínú náílọ́ọ̀nù, nígbà tó gbọ́, ó ní àkísà ni, ojú ti òun, òun sì tì í sí ìsàlẹ̀ àpótí. Bí ìyá òun bá sì ti béèrè, òun ò lẹ́nu láti sọ ọ́, torí òun mọ bó ṣe fẹ́ràn rẹ̀ tó.

A wọlé. Ó fa àpótí jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó kó aṣọ kúrò lórí rẹ̀, mo sì dá a dúró kó má fọwọ́ kan èyí tó kù. Náílọ́ọ̀nù dúdú ló wà nísàlẹ̀. Ọ̀nà kan wà tí àbúrò mi ń gbà so ẹnu àpò gàrí, á so ó, á yí etí rẹ̀ padà, á tún so ó, kò sẹ́lòmíràn tó ń so ó bẹ́ẹ̀. Bó ṣe so ó láàárọ̀ ọjọ́ yẹn náà ló wà.

Ó wò ó títí. Ó wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí símẹ́ńtì. Ọmọ náà bú sẹ́kún, ó ń bẹ̀bẹ̀, ó ní láti òní lọ òun á máa lò ó, gbogbo ọjọ́ ni òun á máa lò ó.

“O ṣeun,” ìyá rẹ̀ wí. “O ṣeun tí o ò gbọ́ tèmi.”

Ẹkún ọmọ náà tún wá le sí i, torí ó rò pé ìyá òun kọ òun sílẹ̀ ni. Èmi ni mo jókòó tì í tí mo ṣàlàyé, ti ọkọ̀, ti dókítà, ti àyà ìyá rẹ̀. Ó tú ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, kò sì mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe, ó kàn gbé e dání.

Àbúrò mi nawọ́, ó gba ọmọ náà. Ó ká ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó gbé etí lé e láyà, ó ní ká dákẹ́. Ìyàrá náà pa rọ́rọ́, ẹ̀pà ń jóná níta, kò sẹ́ni tó lọ gbé e. Mo rí ikọ́ tó ń bọ̀ lọ́fun àbúrò mi, mo rí i bó ṣe ń gbé e mì, tí omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó gbọ́ ti ọmọ náà tán, ó gbé e padà fún ìyá rẹ̀, ó ní àyà rẹ̀ mọ́ tónítóní. Lẹ́yìn náà ló rọra jáde sẹ́yìnkùlé lọ wúkọ́ tirẹ̀.